Òkúta Tó Bá Típà Wọ Ìkòròdú

Kò sí àpáta ní Ìkòròdú. Ẹni tó bá ń gbẹ́ kànga ní Ìgbógbó tàbí ní Ìbẹ̀ṣẹ̀ á bá ilẹ̀ pupa pàdé, á bá amọ̀, á bá yanrìn, yanrìn á sì tún máa lé yanrìn títí omi á fi yọ. Gbogbo òkúta gidi tí ẹ bá rí nígboro wa, ìbáà jẹ́ èyí tí wọ́n fi ṣe títì tàbí èyí tí wọ́n pò mọ́ sìmẹ́ǹtì láti fi da déèkì, típà ló gbé e wá. Èmi náà wà lára àwọn tó ń tà á. Ibùdó mi wà lápá Ògòlóńtò, kò jìnnà sí omi Májídùn: yanrìn lápá ọ̀tún, gìráńáìtì lápá òsì, tábìlì tí mo ti ń kọ rìsíìtì sì wà láàárín wọn lábẹ́ tapólì.

Oníbàárà kì í wo òkúta. Iye owó ló ń wò, àti bóyá típà kún dé etí. Èmi náà ò wò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nínú òkìtì gìráńáìtì, a máa ń rí èyí tí kò bá àwọn yòókù dọ́gba. Hóró rẹ̀ á tóbi. Apá kan á pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ á tẹ́jú bíi pé ẹnì kan fi ọ̀bẹ gé e. Apá kan á máa ṣí ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, á máa tàn yinrinyinrin. Nígbà míì, ọ̀pá dúdú gígùn á gba àárín rẹ̀ kọjá. Àwọn bíríkìlà ò fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n ní pẹlẹbẹ tó ń tàn yẹn kì í jẹ́ kí kọnkéré dì dáadáa. Ni mo bá ń ṣà á sọ́tọ̀. Mo ń fi àwọn tó wuyì tẹ ìwé rìsíìtì mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn ọ̀sà má bàa gbé e lọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó kàwé jíọ́lọ́jì ló là mí lójú. Ó wá kí mi, ó rí ọ̀kan lórí tábìlì, ó gbé e, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún.

“Àǹtí, ṣé ẹ mọ̀ pé tourmaline lẹ fi ń tẹ bébà?”

“Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?”

“Ọ̀pá dúdú yìí ni. Ẹ fi ìka ra ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ ò rí i pé ó ní ìlà lóròó, láti òkè dé ìsàlẹ̀? Ó yá, ẹ wo ibi tó ti kán. Igun mẹ́ta ló ní, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì wú síta díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti rí igun mẹ́ta tó wú bẹ́ẹ̀, ẹ má wulẹ̀ bi ẹnikẹ́ni mọ́.”

Kó tó lọ, ó fi awò kékeré kan sílẹ̀ fún mi, irú èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò, tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó òkúta jọ, awò yẹn ni kó kọ́kọ́ rà, kó tó ra òkúta kankan. Kò wọ́n, ó sì ń gba èèyàn lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ oníjìbìtì, mo máa débẹ̀.

Yanrìn ni mo kọ́kọ́ fi wò. Yanrìn omi, èyí tí àwọn ọmùwẹ̀ ń fi garawa bù nísàlẹ̀ ọ̀sà sínú ọkọ̀ ojú omi. Lójú lásán, ó funfun, ó sì pọ́n díẹ̀. Nínú awò, ọ̀pọ̀ nínú hóró rẹ̀ ló mọ́ gaara, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Quartz ni gbogbo ìyẹn. Odò Ògùn ń ti orí òkè lápá Ṣakí bọ̀, ó ń gba orí àpáta àti ẹ̀gbẹ́ àpáta kọjá, ó la Abẹ́òkúta já, ó wá ń dà sínú ọ̀sà lápá ọ̀dọ̀ wa. Nínú gìráńáìtì tí òjò àti oòrùn bá ti jẹ, feldspar, ìyẹn èyí tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú rẹ̀ tẹ́jú, á di amọ̀, èyí tó ń ṣí ní pẹlẹbẹ, tí wọ́n ń pè ní mica, á fọ́ wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n quartz kì í gbà. Omi òjò ò lè jẹ ẹ́, ó sì le ju irin ọ̀bẹ lọ. Òun ló ń kù, òun lodò ń yí kiri tí igun rẹ̀ á fi jẹ tán. Àwọn òkúta òkè ọ̀hún ti ń wá sọ́dọ̀ wa tipẹ́ kí típà tó dáyé.

Látìgbà náà ni mo ti ń bèèrè ohun kan lọ́wọ́ òkúta kó tó di pé mo bèèrè iye rẹ̀: báwo lo ṣe hù?

Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà sí ilé ìdáná. Ẹ da iyọ̀ díẹ̀ sórí bébà dúdú, kẹ́ ẹ fi awò wò ó. Onígun mẹ́rin ni, ẹ̀gbẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bára dọ́gba. Kò sẹ́ni tó gé e. Àwọn ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di iyọ̀ ló máa ń tò bẹ́ẹ̀, lórí ìlà, láìyẹsẹ̀, bí wọ́n bá sì tò pẹ́ tó, ojú wa á rí ohun tí wọ́n tò. Kírísítà nìyẹn. Ọmọ ilẹ̀ Denmark kan, Nicolas Steno, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1669 pé bí quartz ṣe wù kó tóbi tàbí kó wọ́ tó, igun tó wà láàárín ojú rẹ̀ méjì kan náà kì í yí padà. Èyí tó wá láti Ìbàdàn àti èyí tó wá láti Brazil, igun kan náà ni.

Kí ló dé tí kán-ún tí à ń fi se ẹ̀wà kì í wá rí bẹ́ẹ̀? Àlùmọ́ọ́nì lòun náà, àgbègbè adágún Chad ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Oòrùn ló fa omi rẹ̀ gbẹ kíákíá, ó sì dì pọ̀ gbàgìdì, kò ráyè to ara rẹ̀. Mo fi álọ́ọ̀mù tí a fi ń mú omi kànga tòrò dán an wò nílé. Mo pò ó sínú omi gbígbóná títí tí kò fi yọ́ mọ́, mo pín in sínú ìkòkò méjì. Mo gbé ọ̀kan sínú oòrùn, mo da aṣọ bo èkejì ní ìyàrá tí ẹnì kan kì í wọ̀. Ti inú oòrùn yá, ṣùgbọ́n hóró wẹ́wẹ́ ni, ó kún ìdí ìkòkò. Èyí tí mo bò pẹ́, ó pẹ́ débi tí ọkọ mi fi ń bèèrè bóyá mo ti gbàgbé ohun tí mo gbé síbẹ̀. Ẹyọ díẹ̀ ló mú jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ gaara, ó sì ní ojú àti igun gígún.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí sùúrù bẹ́ẹ̀ lè dé, ẹ gbọ́ ti Naica ní ilẹ̀ Mexico. Ní ọdún 2000, àwọn awakùsà tó ń wa òjé àti fàdákà níbẹ̀ já sínú ihò kan ní nǹkan bí 300 mítà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Wọ́n bá kírísítà gypsum níbẹ̀ tí òmíràn gùn ju mítà 11 lọ. Gypsum kan náà ni wọ́n ń sun láti fi ṣe POP tí a ń lẹ̀ mọ́ àjà ilé. Omi gbígbóná ló kún inú ihò náà láìmọye ẹgbẹ̀rún ọdún, ìgbóná rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ kúrò ní 58 lórí ìwọ̀n Celsius. Kò gbóná jù, kò tutù jù, kírísítà ń fi díẹ̀ díẹ̀ lé ara rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n dáwọ́ fífa omi ibẹ̀ dúró, omi padà bo àwọn kírísítà náà.

Àmọ́ ti ilẹ̀ wa ló jẹ mí lógún jù, torí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Ní nǹkan bí mílíọ̀nù 600 ọdún sẹ́yìn, àpáta yíyọ́ wọ abẹ́ ilẹ̀ tí a ń pè ní Ọ̀yọ́, Èkìtì, Kwara àti Kogi lónìí, ó sì ń tutù nísàlẹ̀ níbẹ̀ díẹ̀ díẹ̀. Bó ṣe ń tutù, àwọn ohun tó pọ̀ nínú rẹ̀ ń dì: feldspar, mica, quartz. Wọ́n ń mú ohun tó bá ìtò wọn mu, wọ́n ń fi ohun tí kò bá a mu sílẹ̀. Àwọn èròjà kan tó ṣọ̀wọ́n wà nínú rẹ̀: boron ò rí ibi wọ̀. Lithium ò rí ibi wọ̀, beryllium náà ò rí, omi pàápàá ò rí. Bí èrò tí kò ráyè nínú dánfó ṣe ń pọ̀ sí i ní ibùdókọ̀ ni wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i nínú èyí tó kù, títí ìyókù náà fi kún fún ohun tó ṣọ̀wọ́n nìkan. Ìyókù yìí ṣàn ju ti àkọ́kọ́ lọ nítorí omi inú rẹ̀. Ó wọ inú ibi tí àpáta ti là, ibẹ̀ ló ti wá dì. Pegmatite lorúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é, òun ló sì bí àwọn òkúta olóhóró ńlá tí mo ń ṣà nínú gìráńáìtì.

Nítorí pé ó ń ṣàn, ohun inú rẹ̀ lè rìn dé ibi tó ń lọ. Nítorí pé ẹyọ díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í hù, ìwọ̀nba díẹ̀ náà ló jẹ gbogbo oúnjẹ. Ní Madagascar, wọ́n bá kírísítà beryl kan, ìyẹn òkúta tó ní beryllium nínú, nínú irú àpáta bẹ́ẹ̀ tó gùn tó mítà 18. Ṣùgbọ́n títóbi kọ́ ni ẹwà. Púpọ̀ nínú kírísítà inú pegmatite fún mọ́ra wọn, wọ́n ń ti ara wọn, kò sí èyí tó lójú. Ẹwà ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí omi àti gáàsì bá dá àyè sílẹ̀ láàárín àpáta. Ihò kan á wà níbẹ̀, òmíràn kò ju ìkúùkù lọ, òmíràn sì gba èèyàn. Kírísítà tó bá hù láti ara ògiri sínú ihò yẹn kò ní ẹni tó ń dí i lọ́wọ́. Á ní ẹ̀gbẹ́, á ní orí. Nígbà míì amọ̀ rírọ̀ á wá kún ihò náà, á sì ṣọ́ ọ mọ́ di ọjọ́ tí ẹni tó ń wà á máa dé.

A máa ń wí pé wúrà tó máa dán, á la iná kọjá. Tourmaline la iná kọjá lóòótọ́, ṣùgbọ́n títutù pẹ̀lẹ́ lẹ́yìn iná àti àyè tó rí ló sọ ọ́ di ẹlẹ́wà.

Àwọ̀ rẹ̀ náà ní ìtàn. Irin tó pọ̀ nínú tourmaline ń sọ ọ́ di dúdú, bíi ti orí tábìlì mi. Bí irin bá kéré, ó lè di àwọ̀ ewé. Manganese ń sọ ọ́ di pupa tàbí pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bí òdòdó. Kọ́pà, ìyẹn bàbà tó wà nínú wáyà iná, ń sọ ọ́ di búlúù kan tó dà bíi pé iná ń jó nínú rẹ̀. Brazil ni ayé ti kọ́kọ́ mọ irú èyí, lápá ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà tó sì di 2001, àwọn onímọ̀ jẹ́rìí sí i pé ó wà ní Nàìjíríà náà. Bí omi ihò àpáta bá yí padà bí kírísítà ṣe ń hù, àwọ̀ á yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè rí ọ̀pá kan tó pupa nínú, tí àwọ̀ ewé yí i ká.

Ní 1998, tourmaline pupa láti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, lápá Ògbómọ̀ṣọ́, ya wọ ọjà àgbáyé débi pé àwọn oníṣòwò ilẹ̀ òkèèrè ṣì ń sọ ọ́. Ìsẹ́yìn ní garnet aláwọ̀ ọsàn tirẹ̀. Ẹ̀gbẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Kogi, láàárín àwọn ará wa Òkun, ní èyí tó ṣọ̀wọ́n jù wọ́n lọ: nigerite, tí wọ́n fi orúkọ Nàìjíríà sọ, tí àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún ayé ní 1947. Ó ní táńganran nínú. Kò rẹwà tó bẹ́ẹ̀ o, ká má parọ́: pẹlẹbẹ aláwọ̀ ilẹ̀ onígun mẹ́fà ni. Síbẹ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ń wá a, a ò sì kọ́ àwọn ọmọ wa nípa rẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yìí náà ló mú mi lọ sí Ọjọ́ọ̀ ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń ná òkúta iyebíye. Ó mọ Àlhájì kan níbẹ̀ tó ti pẹ́ nídìí òwò náà. A kí wọn, wọ́n ní ká jókòó.

“Màmá, ta ló fẹ́ ṣègbéyàwó?”

“Kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣègbéyàwó, Àlhájì. Èyí tí wọn ò tíì gé ni mo wá wò.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n da ọ̀rá kan sílẹ̀ sórí ẹní. Ègé tourmaline pupa ni, ó kún, ó ń tàn, gbogbo rẹ̀ ti fọ́. Wọ́n ní èyí fún àwọn tó ń gé òkúta, ìwọ̀n gíráàmù ni wọ́n fi ń ra á. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fa páálí kékeré kan yọ lábẹ́ àga, wọ́n tú bébà ìnuwọ́ tí wọ́n fi wé e. Kírísítà pupa kan ṣoṣo ló dúró lórí feldspar funfun, quartz olómi èéfín fara tì í. Orí rẹ̀ pé.

“Èyí, ẹni tó bá gé e, ó ṣẹ̀ mí,” ni wọ́n wí. “Ẹni tó ń gé òkúta, inú rẹ̀ ló ń wá. Ẹni tó ń kó o jọ, ojú rẹ̀ ló ń wá, àti orí rẹ̀, àti ibi tó ti wá. Tí orí bá ti kán, owó náà kán nìyẹn.”

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí irú rẹ̀ ò fi pọ̀. Wọ́n ní àwọn tó ń wà á ń fi òòlù lù ú kúrò lára òkúta tó hù lé lórí, torí wọ́n rò pé ìdọ̀tí ni feldspar funfun yẹn, pé á ba ìwọ̀n jẹ́. Kì í ṣe tiwa nìkan. Ní Colorado ní Amẹ́ríkà, fàdákà ni wọ́n ń wà láyé àtijọ́ ní ibi ìwakùsà kan tó ń jẹ́ Sweet Home, wọ́n sì ń da òkúta pupa tó bá fàdákà náà jáde nù. Rhodochrosite ni òkúta ọ̀hún. Ní 1991, wọ́n padà síbẹ̀ nítorí rẹ̀ nìkan, nígbà tó sì di 1992, wọ́n yọ èyí tí wọ́n sọ ní Alma King, tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Denver báyìí. Láti 1955 ni Tucson ní Arizona sì ti ń ṣe àfihàn òkúta lọ́dọọdún, àwọn èèyàn ń ti gbogbo ayé wá síbẹ̀ torí òkúta tí ẹnì kan ò gé.

Mo ra kékeré kan lọ́wọ́ Àlhájì, kì í ṣe ti inú páálí yẹn, apá mi ò ká a. Kí n tó dìde, wọ́n fa bébà ya, wọ́n kọ orúkọ ìlú àti apá ibi tí kòtò náà wà sí i. “Ẹ má jẹ́ kó sọ nù. Òkúta tí kò ní ìlú, ọmọ òrukàn ni.” Wọ́n tún sọ fún mi pé àwọn oníṣòwò kan máa ń dárúkọ ìlú tí kì í ṣe òun, kí ẹlòmíràn má bàa mọ̀nà kòtò. Torí náà, mo ń bèèrè, mo sì tún ń padà bèèrè lẹ́yìn oṣù kan, bóyá ìdáhùn á yí padà.

Ti ayédèrú ńkọ́? Ó wà. Gíláàsì tí wọ́n dà sínú àwo onígun mẹ́fà ni mo máa ń rí jù. Awò ló ń tú u: roboto kékeré tí atẹ́gùn dá sílẹ̀ wà nínú gíláàsì, bí ẹ bá sì gbé e mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, kì í tutù tó quartz. Quartz gidi á ha ìgò, àmọ́ ẹ̀yìn tó ti fọ́ tàbí tó farapamọ́ ni kẹ́ ẹ fi dán an wò, kì í ṣe ojú tó rẹwà. Calcite, òkúta míì tó lè jọ quartz, kì í lè ha ìgò. Ẹ kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, á hó. Quartz olómi oyin tí wọ́n ń tà ní citrine, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló jẹ́ amethyst, ìyẹn quartz aláwọ̀ àlùkò, tí wọ́n fi iná yan. Irin ló wà nínú amethyst, ìtànṣán inú àpáta sì ló fún un ní àwọ̀ àlùkò. Iná ń yí i padà. Kì í ṣe òkúta búburú, àmọ́ kí wọ́n sọ pé iná ló ṣe é.

Ó kù èyí tó ti wà nílé wa kí n tó mọ ohunkóhun. Tìróò. Galena ni, ìyẹn òjé àti imí ọjọ́ tó dì pọ̀. Nínú gbogbo òkúta tí mo ní, òun ló wúwo jù nínú àtẹ́lẹwọ́, igun rẹ̀ sì gún pérépéré: ẹ fi òòlù kàn án fẹ́ẹ́rẹ́, á fọ́ sí onígun mẹ́rin, ẹ tún fọ́ ìyẹn, onígun mẹ́rin kéékèèké náà ni. Ó ń dán bíi fàdákà tuntun. Mo fẹ́ràn láti máa wò ó. Kí wọ́n lọ̀ ọ́ kí wọ́n sì fi lé ojú ọmọ ni mi ò fẹ́ràn. Ní 2012, àjọ CDC tó ń gbógun ti àrùn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ ìròyìn nípa ọmọ jòjòló kan ní Boston tí òjé pọ̀ lẹ́jẹ̀ rẹ̀ nítorí tìróò tí wọ́n gbé láti Nàìjíríà. Èyí tó ju ìdajì lọ dáadáa nínú ohun tí wọ́n lé sójú rẹ̀ ló jẹ́ òjé. Ìyá àgbà wa ò mọ̀, àwa ti mọ̀ báyìí. Tèmi wà nínú ike onídèérí, mo sì ń fọ ọwọ́ tí mo bá ti gbé e.

Títọ́jú òkúta ní Ìkòròdú yàtọ̀ sí títọ́jú rẹ̀ ní Jos, kẹ́ ẹ má jẹ́ kí ìwé àwọn ará òkèèrè tàn yín. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà lọ́rinrin tọ̀sán-tòru. Quartz ò bìkítà, tourmaline ò bìkítà. Pyrite ló ń bìkítà, òkúta aláwọ̀ idẹ tí àwọn kan ń pè ní wúrà òmùgọ̀. Omi inú afẹ́fẹ́ ń bá imí ọjọ́ inú rẹ̀ jà, á di ásíìdì, ìyẹ̀fun funfun àti òféfèé á máa jáde lára rẹ̀, ásíìdì yẹn á sì jẹ páálí, á jẹ bébà tí ẹ kọ orúkọ ìlú sí. Mo ń kó àwọn àpò tíntìntín tó ń fa ọ̀rinrin, tí wọ́n ń fi sínú bàtà tuntun, jọ, gbogbo ẹbí ló ń bá mi ṣà á, mo ń kó o sínú ike pẹ̀lú pyrite. Kírísítà iyọ̀ lára àkójọ mi ò yẹ kó rí afẹ́fẹ́ wa rárá, á máa lógùn, igun rẹ̀ á sì yọ́. Gypsum, ẹ má fi omi fọ̀ ọ́. Amethyst, ẹ má gbé e sójú fèrèsé, oòrùn á mú àwọ̀ rẹ̀ ṣá. Tourmaline nìkan ló ní ìwà tó ń pa mí lẹ́rìn-ín: bí ara rẹ̀ bá gbóná, iná mànàmáná díẹ̀ á wà lórí rẹ̀, á sì máa fa eruku mọ́ra. Èyí tí mo gbé sábẹ́ gílóòbù ni mò ń nù jù.

Àwọn ọ̀dọ́ kan ti bi mí bóyá kí wọ́n lọ gbẹ́ tiwọn. Òfin 2007 tó dá lórí ìwakùsà sọ pé ti Ìjọba Àpapọ̀ ni gbogbo àlùmọ́ọ́nì abẹ́ ilẹ̀; ẹni tó bá fẹ́ wà á á gba ìwé àṣẹ. Kòtò tí wọn ò fi igi tì sì ń wó pa èèyàn. Ibi tí mo bá wọn sọ ọ́ dé nìyẹn.

Ní báyìí, àwọn bíríkìlà àti àwọn awakọ̀ típà ti mọ̀ mí. Ẹni tó bá lọ Ọ̀yọ́ á fi ègé kan há àpò. “Mummy, mo bá yín rí nǹkan.” Mo máa ń sanwó, kò pọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ìlú ni mo ń kọ́kọ́ sanwó fún. Èyí tí kò bá ní ìlú, garawa kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí mo ń kó o sí fún àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń yà, kí wọ́n máa fi ha ìgò, kí wọ́n máa kán ọsàn wẹ́wẹ́ sí i.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, awakọ̀ kan gbé quartz olómi èéfín kan dé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àtẹ́lẹwọ́ mi, orí rẹ̀ pé, tourmaline tẹ́ẹ́rẹ́ sì gún un láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Mo ní níbo? Ó ní Ìsẹ́yìn. Mo ní apá ibo ní Ìsẹ́yìn? Ó ní òun á pe ẹni tó fún òun. Kò tíì pè é. Òkúta náà wà nínú owú lórí pẹpẹ, owó rẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀, mo sì ti sọ fún un pé méjèèjì ò ní pàdé títí tó fi máa pè é.